Samuel Morse àti Wáyà Tó Gba Àdúgbò Wa Kọjá

Mo fẹ́ sọ ìtàn Samuel Morse fún yín. Ọdún 1791 ni wọ́n bí i, ní Massachusetts. Ayàwòrán ni. Ní ọdún 1825, Washington ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú nílé ní New Haven. Lẹ́tà ló sọ fún un. Kó tó délé, wọ́n ti sin ín. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tó yá, Morse ń wá bí iná mànàmáná ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ gba inú wáyà. Ní 1843, ìjọba fọwọ́ sí dọ́là 30,000 kí wọ́n fi ta wáyà láàárín Washington àti Baltimore. Wọ́n kọ́kọ́ ri wáyà mọ́lẹ̀ nínú páìpù òjé, àmọ́ kò ṣiṣẹ́, torí ohun tí wọ́n fi bò ó kò dáa. Ni wọ́n bá gbé e sórí òpó igi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè tó gba Prince George's County wa níbí kọjá. Ní May 24, 1844, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé Baltimore lójú ẹsẹ̀. Ó kú ní 1872. Àmọ́ o, ó gbè sẹ́yìn kíkó èèyàn lẹ́rú, ìyẹn ò dáa rárá.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa, wáyà ti lọ́ mọ́ra bíi spaghetti. Tí ọ̀rọ̀ àwa àti Màmá Ìbàdàn bá já, Dádì ò ní mọ wáyà tó bàjẹ́. A tú gbogbo ẹ̀, a kọ orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan sára wáyà tiẹ̀, a sì dì wọ́n dáadáa.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ká fi wáyà síbi tójú ti máa rí i, kó lè rọrùn láti tún ṣe. Ìròyìn ilé ò gbọ́dọ̀ pẹ́ lọ́nà.