Herschel, olórin tó tú àṣírí ìtànṣán tí ojú kò rí

Ìlú Hanover, ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n bí William Herschel sí lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1738. Olórin àwọn ọmọ ogun ni baba rẹ̀. Ogun ló lé òun náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1757, orin ló sì fi ń jẹun níbẹ̀, títí tó fi di atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ìlú Bath.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ló gba ọkàn rẹ̀. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ dán dígí onírin fún awò awọ̀nàjíjìn. Ìgbà kan wà tí kò gbé ọwọ́ kúrò lára iṣẹ́ náà fún wákàtí 16, tí Caroline àbúrò rẹ̀ ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Lọ́dún 1781 ló rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus. Ọba George Kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní igba pọ́n-ùn lọ́dọọdún, ó sì fi iṣẹ́ orin sílẹ̀.

Lọ́dún 1800, ó fi dígí onígun mẹ́ta la ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, ó gbé ẹ̀rọ adíwọ̀n-ooru sínú wọn. Bó ṣe ń sún mọ́ pupa ni ooru ń pọ̀ sí i. Kò dúró níbẹ̀. Ó gbé e kọjá pupa, síbi tí kò sí àwọ̀ kankan, ibẹ̀ gan-an ló gbóná jù lọ. Ìtànṣán yìí ni wọ́n ń pè ní infrared. Ká má purọ́, Herschel ṣìnà díẹ̀: ó parí èrò sí pé ohun ọ̀tọ̀ ni ooru náà sí ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló fi hàn pé ohun kan náà ni méjèèjì.

Apá tó sún mọ́ pupa nínú ìtànṣán náà làwọn tó ń fi èso àjàrà ṣe wáìnì ń lò lónìí. Ìwúkàrà tó ń sọ ṣúgà di ọtí lè dákẹ́ iṣẹ́ lójijì. Ṣúgà tó ṣẹ́ kù a di oúnjẹ fún kòkòrò, odindi agbá a sì bàjẹ́. Omi, ṣúgà àti ọtí kì í gba ìtànṣán náà sára bákan náà, nítorí náà ẹ̀rọ tó ń wo èyí tó là wọ́n kọjá lè sọ iye ṣúgà tó kù láìpẹ́. Àmọ́ kò dá a mọ̀: àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ wáìnì tí wọ́n ti yẹ̀ wò ní ọ̀nà àtijọ́ kọ́ ọ.

Herschel kú ní Slough lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 1822. Caroline padà sí Hanover, ó sì wà láyé títí di ọdún 1848, nígbà tó pé ẹni ọdún 97.