Kettering, Olùkọ́ Tí Ó Di Baba Sitátà

Nígbà ìsinmi mo lọ kí àbúrò bàbá mi ní Gounghin, àdúgbò kan ní ìwọ̀-oòrùn ìlú Ouagadougou. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ṣíná, ṣùgbọ́n Peugeot 504 rẹ̀ kò dáhùn. A kàn ń gbọ́ kẹ́, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì kò kú, nítorí iná iwájú ọkọ̀ ń tàn. Makáníìkì tí a pè tú wáyà tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, ó ha ìpáàrà ìdí rẹ̀ kúrò, ó sì dè é padà. Ọkọ̀ jí lójú ẹsẹ̀. Ó ṣàlàyé pé iná tí ó gba wáyà ńlá wọ inú sitátà gbọ́dọ̀ gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì, àti pé èyí tí sitátà ń fẹ́ lè ju 100 ampere lọ. Ìpáàrà tí kò di iná iwájú lọ́wọ́ lè sọ sitátà di aláìlágbára.

Èyí ni ó mú mi wá ìtàn Charles Kettering kà. A bí i ní 29 oṣù kẹjọ 1876, lẹ́bàá Loudonville ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Inú mi dùn láti rí i pé olùkọ́ abúlé ni òun náà kọ́kọ́ jẹ́. Ojú ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yunifásítì sílẹ̀ fún ìgbà kan, tí ó ń bá àwọn tí ń gbé òpó tẹlifóònù ró ṣiṣẹ́. Ó padà, ó sì gboyè ní 1904, ní ẹni ọdún 27. Kí àwọn àgbà inú kíláàsì wa fọkàn balẹ̀.

Ní ilé-iṣẹ́ National Cash Register ní Dayton, ó fi ẹ̀rọ oníná kékeré kan sínú àpótí ìgbowó àwọn oníṣòwò. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń fi ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà a sinmi. Nítorí náà ó lè ru ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ.

Láyé ìgbà náà, irin kọdọrọ ni awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin náà a ṣẹ́ ni lápá. Ìtàn sọ pé irú irin bẹ́ẹ̀ ni ó ṣekú pa Byron Carter, ọ̀rẹ́ Henry Leland tí ó jẹ́ ọ̀gá Cadillac, àti pé ìbànújẹ́ yìí ni Leland gbé tọ Kettering lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀rọ tí yóò yí ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kettering rántí àpótí owó. Ní oṣù kejì 1911 ó dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò, ó ṣiṣẹ́, àwọn ọkọ̀ Cadillac ti 1912 sì gbé e jáde. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé, bí ẹ́ńjìnnì bá ti jí tán, ẹ̀rọ kan náà a yí padà, a sì máa fi iná bọ́ bátìrì.

N kò ní fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Ní 1921, ní ilé ìwádìí General Motors tí ó jẹ́ olórí fún, wọ́n fi òjé sínú epo ọkọ̀. Ní 1924 òjé náà pa àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ṣe é, síbẹ̀ Kettering kò yéé gbèjà rẹ̀. Ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tí ó kẹ́yìn, tó dáwọ́ títà rẹ̀ fún ọkọ̀ dúró.

Ó kú ní Dayton ní oṣù kọkànlá 1958. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún àbúrò bàbá mi, wọ́n tẹ́tí gbọ́ dópin, wọ́n sì bi mí bóyá ọkùnrin náà kò ṣe nǹkan kan nípa bíréèkì.