Dick Tiger: Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Nàìjíríà tó dá àmì ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà nítorí ogun abẹ́lé

Nígbà tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, Super Falcons, gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Morocco lóṣù Keje ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu fi oyè OON dá wọn lọ́lá. Ó tún kéde ilé àti owó náírà tó tó 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ikọ̀ bọ́ọ̀lù ajùsáwọ̀n obìnrin, D'Tigress, náà gba irú rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n gbà. Àwọn mìíràn béèrè pé kí ni ti olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ọmọ ogun tó ń fi ẹ̀mí wewu? Àwọn kan sì rántí àwọn eléré ìdárayá àtijọ́, bí ikọ̀ Super Eagles tó gba ife Áfíríkà lọ́dún 1994, tí àwọn kan nínú wọn fi ohun tó lé ní ogún ọdún retí ilé tí ìjọba ṣèlérí fún wọn.

Àmọ́ ìbéèrè kan wà tó le ju ti owó lọ. Bí eléré ìdárayá kan bá gbé orúkọ Nàìjíríà dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé e dé rí, tó sì wá di ọjọ́ kan tó dúró pẹ̀lú àwọn tó ń bá Nàìjíríà jagun, ṣé ọlá ṣì yẹ ẹ́? Ìtàn Dick Tiger ló gbé ìbéèrè yìí síwájú wa.

Ta ni Dick Tiger?

Richard Ihetu ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Amaigbo, tó wà ní ìpínlẹ̀ Imo lónìí. Láti kékeré ló ti wọ ìlú Aba, níbi tó ti ń ṣòwò kéékèèké nínú ọjà, tó ń kó igo òfìfo jọ tà.

Aba náà ló ti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Lásìkò yẹn, àwọn sójà òyìnbó máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ ìdárayá. Wọ́n ní òyìnbó kan tó rí bí ọmọkùnrin náà ṣe ń ki ọ̀tá mọ́lẹ̀ ló fi í wé ẹkùn, bí orúkọ Dick Tiger ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn.

Lọ́dún 1952 ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ ṣiṣẹ́ ṣe. Ọdún 1955 ló wọ ọkọ̀ lọ sí Liverpool, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan kò rọgbọ fún un níbẹ̀. Òtútù ń pa á, owó kò sí, ó sì pàdánù ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà lọ́hùn-ún. Ẹlòmíràn ì bá ti di ẹrù rẹ̀ padà sílé.

Kò padà. Ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ rẹ̀, Hogan Bassey, wà ní Liverpool kan náà, òun ló sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé, lọ́dún 1957. Ní oṣù Kẹta ọdún 1958, Tiger náà lu Pat McAteer bolẹ̀ ní ráùńdì kẹsàn-án, ó sì gba bẹ́líìtì middleweight ti ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọjá sí Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, ní San Francisco, ó borí Gene Fullmer, ó sì di abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò àgbáyé. Ọmọ ọdún 33 ni, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ akànṣẹ́ ti ń ronú àtisinmi. Ìwé ìròyìn The Ring mú un ní akànṣẹ́ tó dára jù lọ́dún náà.

Ọjọ́ tí ìjà àgbáyé dé Ìbàdàn

Fullmer àti Tiger tún pàdé ní Las Vegas lóṣù Kejì ọdún 1963, wọ́n jà á sí ọ̀mì. Wọ́n wá ṣètò ìjà kẹta, Tiger sì fẹ́ kó wáyé nílé.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kún pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa ja ìjà bẹ́líìtì àgbáyé ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Áfíríkà. Ọmọ Igbo tó ń jà nílẹ̀ Yorùbá lójú gbogbo Nàìjíríà ni Tiger lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tó béèrè ìlú tó ti wá kó tó pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn ráùńdì keje, Fullmer kò lè dìde kúrò lórí àga mọ́. Ìjà parí.

Kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Nínú gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè tuntun náà lè nàka sí pé tiwa ni èyí, ẹ̀ṣẹ́ Dick Tiger wà lára àwọn tó ń dán jù.

Ó ṣubú, ó tún dìde

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, Joey Giardello gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Atlantic City. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kí Giardello tó gbà láti bá a jà padà. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Madison Square Garden ní New York lóṣù Kẹwàá ọdún 1965, Tiger gba ohun tí í ṣe tirẹ̀. The Ring tún mú un ní akànṣẹ́ ọdún náà.

Emile Griffith tún gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù Kẹrin ọdún 1966. Àwọn èèyàn rò pé ó ti tán fún un. Dípò kó lọ sinmi, Tiger gòkè lọ bá àwọn tó wúwo jù ú lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1966, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 37, ó borí Jose Torres, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé ti light heavyweight. Wọ́n tún jà ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Tiger tún borí, inú bí àwọn alátìlẹ́yìn Torres, wọ́n sì ń sọ ìgò àti àga nínú gbọ̀ngàn náà.

Nígbà tí ogun dé

Nígbà tí Tiger ń jà ní New York, ilé ti ń jó. Ìdìtẹ̀gbàjọba méjì wáyé lọ́dún 1966, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Igbo ní ìhà Àríwá. Àwọn tó yè é ń sá padà sí ìhà Ìlà-oòrùn pẹ̀lú ohun tí wọ́n lè gbé lórí.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Torres, Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu kéde orílẹ̀-èdè Biafra. Ogun bẹ̀rẹ̀ lóṣù Keje. Ọkùnrin tí gbogbo Nàìjíríà pàtẹ́wọ́ fún ní Ìbàdàn wá dúró pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ó di ọ̀gá nínú ọmọ ogun Biafra, ó ń kọ́ àwọn sójà ní eré ìdárayá, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Biafra lójú gbogbo ayé.

Síbẹ̀ ó ń lọ jà lókè òkun. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1967, ó lu Roger Rouse ní Las Vegas. Àmọ́ ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, Bob Foster, tó ga jù ú lọ fíìfíì, lù ú bolẹ̀ ní ráùńdì kẹrin. Nínú nǹkan bí 80 ìjà tó jà láyé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo nìyẹn tí wọ́n ka ẹ̀ṣẹ́ lé e lórí títí tí kò fi dìde.

Ilé àti okòwò tó ti fi owó ẹ̀ṣẹ́ kó jọ nílé, ogun gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Àmì ẹ̀yẹ tó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi àmì ẹ̀yẹ MBE dá Tiger lọ́lá tẹ́lẹ̀ nítorí iṣẹ́ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Nígbà ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ń ta ohun ìjà fún ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, ebi sì ń pa àwọn ọmọdé kú ní Biafra.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, olórin John Lennon dá MBE tirẹ̀ padà, ó sì dárúkọ ọ̀rọ̀ Biafra mọ́ ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, Tiger náà ṣe tirẹ̀. Ó fi àmì ẹ̀yẹ náà ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Washington.

Kò rí owó níbẹ̀, kò sì yí ogun náà padà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Biafra túúbá. Ohun tó kàn ṣe ni pé ó kọ̀ kí orúkọ òun máa wà lára ọlá tí ìjọba náà ń pín nígbà tí àwọn èèyàn òun ń kú.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Oṣù Keje ọdún 1970 ni Tiger ja ìjà tó kẹ́yìn, Griffith ló sì borí. Kò lè padà sílé nítorí ipa tó kó nínú ogun. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò àgbáyé nígbà méjì ní middleweight, tó tún jẹ́ ti light heavyweight, wá gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Ó ń wọ aṣọ iṣẹ́, ó ń dúró ti àwọn àwòrán kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn wọ́n.

Lọ́dún 1971, àwọn dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà dé Nàìjíríà, ìjọba gbà kó padà wálé. Ó padà sí Aba, ìlú tó ti ń ta igo nígbà èwe, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1971. Ọmọ ọdún 42 ni. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, lọ́dún 1991, ilé ọlá àwọn akànṣẹ́ àgbáyé ní ìpínlẹ̀ New York kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣé ọlá yẹ ẹ́?

Àwọn tó bá sọ pé kò yẹ ní ohun tí wọ́n ń wí. Àwọn sójà tí Tiger ń kọ́ bá ọmọ ogun àpapọ̀ jà, ọ̀pọ̀ ìdílé káàkiri Nàìjíríà ni kò sì rí ọmọ wọn mọ́ lẹ́yìn ogun náà. Ọlá orílẹ̀-èdè kì í ṣe ẹ̀bùn eré ìdárayá lásán, ó ń sọ irú èèyàn tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ wa dà.

Ṣùgbọ́n Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè náà fún àwọn mìíràn. Ààrẹ Shehu Shagari dárí ji Ojukwu lọ́dún 1982. Nígbà tí wọ́n sìnkú rẹ̀ lọ́dún 2012, ìjọba ṣe ẹ̀yẹ ológun fún un. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, Ken Saro-Wiwa, tí ìjọba ológun pa lọ́dún 1995, gba oyè CON lẹ́yìn ikú.

Kódà pápá ìṣeré tí Tiger ti borí Fullmer ń sọ irú ìtàn kan náà. Nígbà tí wọ́n ń ja ìjà náà, Olóyè Obafemi Awolowo, tí ìjọba rẹ̀ kọ́ pápá náà, ń jẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Oṣù kan lẹ́yìn ìjà ni wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Láti ọdún 2010, orúkọ Awolowo ni pápá náà ń jẹ́.

Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A lè sunkún ogun, ká sì rí ohun tí ọkùnrin yìí ṣe nínú agbo ẹ̀ṣẹ́. Láì fi ipa tó kó nínú ogun pa mọ́, a ṣì lè sọ pé kò sí ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ tó gòkè tó o nínú eré ìdárayá. Lójú tèmi, ọlá yẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó tóbi jù wà nínú àpò ìwé tó fi ránṣẹ́ sí Washington. Nígbà tí a bá ń jiyàn lórí ẹni tí àmì ẹ̀yẹ yẹ, ẹni tó fẹ́ gbà á nìkan la máa ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Tiger gbé ẹni tó fún un sórí òṣùwọ̀n náà. Orílẹ̀-èdè tó bá fi oyè sí ọrùn ọmọ lónìí, tó wá gbàgbé rẹ̀ nígbà àìsàn, tó jẹ ẹ́ lówó tàbí tó kẹ̀yìn sí àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́jọ́ ìpọ́njú, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ bóyá òun náà yẹ lẹ́ni tí í fúnni lọ́lá.

Àwọn ọmọbìnrin Super Falcons àti D'Tigress ti gba oyè tiwọn. Bí Nàìjíríà bá ṣe tọ́jú wọn ní ogún ọdún sí i, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kò bá lè sáré mọ́, ni yóò sọ bóyá oyè náà níyì.