Ousmane Sembène, Ọmọ Apẹja

Ọmọ apẹja ni Ousmane Sembène. Ọdún 1923 ni wọ́n bí i ní Ziguinchor, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl. Kò pẹ́ nílé ìwé. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàrin òun àti ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n sì lé e. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sójú omi, ṣùgbọ́n omi kò bá a lára mu. Ó bá gba Dakar lọ, ó ń ṣe bíríkìlà.

Nígbà ogun Hitler, àwọn Faransé mú un ṣe sójà. Lẹ́yìn ogun, ó lọ sí Marseille, ó ń ru ẹrù ní èbúté. Ibẹ̀ ni ó ti jókòó ti ìwé kíkà. Ẹ wò ó o, ẹni tí wọ́n lé nílé ìwé ni ó kọ ìwé ìtàn jáde ní ọdún 1956! Ní 1960, ó tún kọ òmíràn nípa ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Dakar sí Bamako.

Nígbà tí ó padà wálé, ó rí i pé àwọn tí òun ń kọ̀wé nípa wọn kò lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀wé lè wo sinimá. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Moscow, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lọ́dọ̀ Mark Donskoy, ọ̀gá pàtàkì nínú iṣẹ́ náà. Ní 1963, ó ṣe Borom Sarret, ìtàn ọlọ́mọlanke ẹlẹ́ṣin kan ní Dakar.

Èyí tí ó kàn wá jù ni Mandabi, ti ọdún 1968. Èdè Wolof ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé. Ibrahima Dieng ní ìyàwó méjì àti ọmọ méje, kò sì níṣẹ́. Ọmọ arábìnrin rẹ̀ tí ń gbálẹ̀ ìgboro ní Paris fi máńdà 25,000 fàráǹkì ránṣẹ́ sí i. Dieng kò mọ̀wé, ẹlòmíràn ni ó ka lẹ́tà náà fún un. Ní pósítì, wọ́n ní kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ wá. Kò ní. Kí ó tó gba káàdì, àfi kí ó mú ìwé ọjọ́ ìbí wá. Kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Ẹni tí ó yẹ kí ó ya àwòrán rẹ̀ gba owó, kò fún un ní àwòrán. Nílé, gbèsè ń pọ̀, àwọn aládùúgbò sì ń wá yáwó. Níkẹyìn, ìbátan rẹ̀ kan tí ó mọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a gba owó náà. Ó gbà á tán, ó ní olè ti jí i lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró rí lẹ́nu fèrèsé ọ́fíìsì, tí wọ́n ní kí ẹ lọ kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ mọ ìtàn yìí.

Ní 1977, ó ṣe Ceddo. Ìjọba Senghor kò jẹ́ kí wọ́n fi í hàn ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Wọ́n ní d kan ni ó yẹ kí ó wà nínú orúkọ náà, kì í ṣe méjì. Sembène kò yọ ọ̀kan kúrò. Nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo! Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó bí ìjọba nínú, èmi náà sì rò bẹ́ẹ̀.

Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí ó ṣe Moolaadé ní 2004, nípa obìnrin kan tí ó dáàbò bo àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fẹ́ dá abẹ́ fún. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn ní Cannes, ní ilẹ̀ Faransé. Ọjọ́ 9 oṣù kẹfà ọdún 2007 ni ó kú, nínú ilé rẹ̀ ní Dakar.