Clemens von Pirquet, Dókítà Ọmọdé Tó Sọ Alẹ́jì Lórúkọ

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ mọ ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà alẹ́jì wá? Dókítà ọmọdé ni, Clemens von Pirquet lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i nítòsí ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, ní 1874. Ẹ̀kọ́ ìsìn ló kọ́kọ́ kà ní yunifásítì kó tó yà sídìí ìṣègùn. Ó di dókítà ní 1900.

Láyé ìgbà yẹn, àrùn dífítíríà ń dí àwọn ọmọdé lọ́fun, ó sì ń pa wọ́n. Ara ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń wò ó. Abẹ́rẹ́ náà ń gba ẹ̀mí là, àmọ́ ara àwọn ọmọ míì á sú, ibà á sì mú wọn. Pirquet àti Béla Schick bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ tí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àti ọjọ́ tí ara rẹ̀ sú sílẹ̀. Wọ́n rí i pé lẹ́ẹ̀kìíní, ó máa ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá di ẹ̀ẹ̀kejì, kíá ni! Ara ọmọ ti dá nǹkan náà mọ̀, òun ló ń bá jà. Ní 1906, Pirquet pe ìyẹn ní alẹ́jì. Ní 1907, ó ń ha awọ ara ọmọ díẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wọ̀ ọ́ lára rí. Ó kú ní 1929, nígbà tí penisilíìnì kò tíì di oògùn.

Kí ló wá kan àwa ará Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun? Tí ọmọ bá lo kápúsù tí ara rẹ̀ sú, a máa ń sọ pé oògùn yẹn ti di èèwọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà míì, àìsàn tó ń ṣe é gan-an ló mú kí ara sú. Tí dókítà bá yẹ àwọn ọmọ tí wọ́n ní penisilíìnì kò bá lára mu wò dáadáa, púpọ̀ nínú wọn ni kò ní alẹ́jì kankan. Oògùn tó dáa la kàn fi ń dù wọ́n. Àmọ́ ẹni tó ní in lóòótọ́, ó lè pa á. Torí náà, ẹ má ṣe dán an wò nílé o!

Ẹ ṣe bíi Pirquet. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà sílẹ̀, ìgbà tí ọmọ lò ó, ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe tètè ṣẹlẹ̀ tó, kí ẹ mú un lọ fún dókítà. Tí ojú tàbí ètè ọmọ bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.