Ferranti, Ẹni Tí Ó Ri Iná Mànàmáná Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé dé Ubeji àti gbogbo àgbègbè Warri, pàápàá láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1978, ẹ kò ní ṣàì mọ bí òjò ilẹ̀ Ìṣẹ́kírì ti ń rọ̀. Bí ìjì bá dé, igi a wó, a já wáyà orí òpó, òkùnkùn a sì bo àdúgbò. Nítorí èyí ni ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí apá rẹ̀ bá ká a fi ń ri okùn iná 11,000 fólítì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ kàn wá lónìí.

Sebastian Ziani de Ferranti ni orúkọ rẹ̀. Liverpool, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí i sí ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1864. Ìran Ítálì ni baba rẹ̀, iṣẹ́ fọ́tò ni ó sì ń ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tíì pé ogún ọdún tí ó fi ṣe ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀ ní ọdún 1882. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1886, òun ni olórí àwọn ẹlẹ́rọ iná ní Grosvenor Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù.

Orí òrùlé ni wáyà ń gbà nígbà náà. Ferranti fẹ́ kọ́ ilé amúnáwá ńlá kan ṣoṣo sí Deptford, létí odò Thames, níbi tí ọkọ̀ ojú omi yóò ti máa já èédú, kí ó sì ti ibẹ̀ fi 10,000 fólítì ránṣẹ́ sí àárín ìlú. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé bí fólítì bá ti ga tó, bẹ́ẹ̀ ni wáyà tín-ín-rín ṣe lè gbé ẹrù púpọ̀ láìsí òfò ńlá. Kò rí okùn tí ó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ rà, ni ó bá ṣe tirẹ̀: ọ̀pá bàbà kan nínú èkejì, bébà tí a rẹ sínú ìda láàárín wọn, ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn, tí wọ́n so pọ̀ títí ó fi wọ nǹkan bí máìlì méje. Láti fi ọkàn àwọn aláṣẹ balẹ̀, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan di ṣíṣẹ́lì mú, ẹnìkejì sì fi òòlù gbá a wọ inú okùn náà nígbà tí iná wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe é, nítorí ọ̀pá ti òde so mọ́ ilẹ̀.

Okùn yìí ni ayé ń yìn. Ní tèmi, ibi tí a ti ń pa iná ni ẹ̀kọ́ wà jù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1890, òṣìṣẹ́ kan ní Grosvenor Gallery ṣàṣìṣe nídìí súìṣì. Iná fò láti irin kan sí èkejì, kò sì kú, nítorí afẹ́fẹ́ lásán kò tó pa iná 10,000 fólítì. Pákó gbiná, ilé náà jó. Láìpẹ́ lẹ́yìn èyí tíránsífọ́mà tí ó kù bàjẹ́, òkùnkùn sì wà fún àwọn oníbàárà títí di oṣù kejì ọdún 1891. Ọdún náà ni Ferranti kúrò nídìí iṣẹ́ Deptford.

Kò pẹ́ tí ó fi wà lára àwọn tí ó ń ki ẹnu súìṣì bọ inú òróró, kí òróró lè pa iná tí ń fò. Ọgbà tí ó bá ń ra súìṣì lóde òní, kí ó má ṣe béèrè ìwọ̀n ẹrù tí yóò gbé nìkan. Kí ó béèrè bóyá ó lè já iná rẹpẹtẹ tí ń ya wọlé nígbà tí katakata bá gé okùn. Olóròóró ń fẹ́ àyẹ̀wò léraléra, nítorí bí omi bá wọ̀ ọ́, ó lè bú gbàmù. Èyí tí ó ń já iná nínú òfìfo tí kò ní afẹ́fẹ́ kò ní wàhálà yìí. Gáàsì SF6 náà dára lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń mú ayé gbóná gidigidi bí ó bá jò. Kí okùn sì yí ọgbà ká bí òrùka, pẹ̀lú súìṣì lọ́wọ́ méjèèjì tíránsífọ́mà kọ̀ọ̀kan. Bí apá kan bá bàjẹ́, a ó yà á sọ́tọ̀, iná yóò gba ọ̀nà kejì. Ní ilẹ̀ olómi bíi Ubeji, orí pèpéle tí àgbàrá kò lè dé ni àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà.

Ferranti di olórí ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́rọ iná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1910 àti 1911. Ó kú ní Zurich ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1930, lẹ́ni ọdún 65. Apá kan nínú okùn Deptford ṣì ń gbé iná lábẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà.