Thomas Cook: Ọmọ òtòṣì tó sọ ètò ìrìnàjò di òwò ńlá, ẹ̀kọ́ fún àwọn ajẹ́ńtì Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lónìí, bóyá la fi máa rí àdúgbò tí kò ní ẹni tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìnàjò. Àwọn kan ń ṣètò Hájì àti Úmúrà, àwọn kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni gbogbo wọn ń bá yí. Ẹ̀rù máa ń ba aráàlú láti kó owó lé wọn lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbọ́ ìtàn ẹni tó sanwó tí kò rí físà, tí kò sì rí owó ẹ̀ gbà padà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká sọ ìtàn Thomas Cook, ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó sọ iṣẹ́ yìí di òwò lágbàáyé. Òun náà ṣèlérí tí kò lè mú ṣẹ rí, òun náà wọ gbèsè rí, síbẹ̀ àwọn èèyàn tún kó owó wọn fún un.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Melbourne, ní agbègbè Derbyshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 22, oṣù kọkànlá, ọdún 1808. Kì í ṣe Melbourne ti Australia o. Kékeré ló wà tí baba rẹ̀ fi kú. Ọmọ ọdún 10 ló fi ilé ìwé sílẹ̀, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọgbà fún owó táṣẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Lọ́dún 1828, ìjọ Onítẹ̀bọmi gbà á síṣẹ́ ajíhìnrere, pé kó máa lọ láti abúlé dé abúlé. Lọ́dún 1829 nìkan, ìrìn tó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lé ní 2,000 máìlì. Ẹni tó bá ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tójú arìnrìnàjò ń rí fún un.

Cook kórìíra ọtí. Nígbà yẹn, ọtí ti ba ilé ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù jẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà sì wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gba èèyàn níyànjú pé kí wọ́n má mutí mọ́. Lọ́jọ́ kan ní oṣù kẹfà, ọdún 1841, ó ń fẹsẹ̀ rìn láti Market Harborough tó ń gbé lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ náà ní Leicester, nǹkan bíi máìlì 15. Ojú ọ̀nà yẹn lọ́gbọ́n náà ti sọ sí i lọ́kàn. Rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ni. Ó ní tóun bá lọ bá ilé iṣẹ́ rélùwéè pé kí wọ́n fún òun ní ọkọ̀ odidi, kí wọ́n sì dín owó ẹ̀ kù, ṣebí òun á lè kó ogunlọ́gọ̀ èèyàn lọ sí ìpàdé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n gbà fún un. Lọ́jọ́ 5, oṣù keje, ọdún 1841, nǹkan bí 500 èèyàn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough, ṣílè kan péré lowó àlọ àti àbọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé ni wọ́n kó wọn sí, ṣùgbọ́n ìdùnnú ni wọ́n bá lọ, ìdùnnú ni wọ́n bá bọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa, ohun tí Cook rí níbẹ̀ làwọn olówó ìgbà ayé ẹ̀ kò rí. Lójú tiwọn, ìrìnàjò ìgbádùn, ọlọ́lá ló wà fún. Cook ní mẹ̀kúnnù náà lè rìnrìn àjò tí wọ́n bá pọ̀, tí owó ẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Èrò ọkàn yìí ni ìpìlẹ̀ òwò náà.

Ọdún 1845 ló kọ́kọ́ ṣètò ìrìnàjò tó fẹ́ fi jèrè, láti Leicester lọ sí Liverpool àti apá kan Wales. Kò kàn jókòó sílé máa polówó. Òun fúnra ẹ̀ kọ́kọ́ rin ọ̀nà náà, ó wo àwọn òtẹ́ẹ̀lì, ó bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀, kó tó wá tẹ ìwé kékeré kan tó ṣàlàyé ibi tí wọ́n máa gbà àti ohun tí wọ́n máa rí. Atẹ̀wé ni Cook ń ṣe nígbà yẹn, torí náà kò wá ẹni tó máa bá a tẹ̀ ẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì náà tà tán, àwọn kan tiẹ̀ ń tún un tà ní owó gegere, ló bá tún ṣètò ìrìnàjò kejì ní kíákíá.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ojú Cook rí màbo. Ó kó nǹkan bí 350 èèyàn lọ sí Scotland. Wọ́n gba ojú irin dé Fleetwood, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, kí wọ́n tó tún bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin mìíràn. Tíì tó ṣèlérí fún wọn lójú ọ̀nà, wọn ò rí i mu. Nínú ọkọ̀ ojú omi, yàrá kò kárí, ìta gbangba lọ̀pọ̀ wọn sùn sí. Wọ́n fi orin àti ìbọn pàdé wọn tayọ̀tayọ̀ nígbà tí wọ́n dé Glasgow, ṣùgbọ́n ẹni tí òjò ti pa mọ́jú kì í tètè gbàgbé. Lọ́dún 1846 yìí kan náà ni Cook wọko gbèsè.

Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, ibẹ̀ ni ìtàn máa parí sí. Cook kò sá kúrò nílùú, kò sì yí orúkọ padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kó èèyàn lọ sí Scotland yẹn náà, ó sì ń tún ohun tó bàjẹ́ nínú ètò àkọ́kọ́ ṣe.

Lọ́dún 1851, wọ́n ṣe àfihàn ọjà àgbáyé ńlá kan ní London. (Lópin ọdún yẹn kan náà làwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fọ́ Èkó, tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá, tó sì wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́.) Cook fẹ́ kó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ lọ wo àfihàn náà, ṣùgbọ́n wọn kò lówó tí wọ́n lè san lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ló wá ṣe? Ó gbà wọ́n níyànjú láti dá ẹgbẹ́ àjọ sílẹ̀, kí wọ́n máa dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí owó ọkọ̀ máa fi pé. Ó tún dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ láti fi polówó. Èrò tó kó lọ sí London lọ́dún yẹn lé ní 150,000. Àjọ tí àwọn ìyá wa ń dá lójoojúmọ́ yìí náà ni o!

Ní nǹkan bí ọdún 1862, àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè Scotland kọ̀ jálẹ̀, wọn ò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Cook bá kọjú sí òkè òkun, ó kó èrò lọ sí Switzerland lọ́dún 1863, ó sì kó wọn lọ sí Italy lẹ́yìn náà. Òǹkọ̀wé kan, Charles Lever, fi òun àti àwọn èrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn, bíi pé ìdọ̀tí ni wọ́n ń dà sílùú onílùú. Cook fèsì nínú ìwé ìròyìn tirẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1865, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Fleet Street ní London, Marianne ìyàwó ẹ̀ sì ń bójú tó òtẹ́ẹ̀lì tí wọn kì í ti ta ọtí. Lọ́dún 1868, ó gbé ìwé pélébé kan jáde tí èèyàn lè ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, kó wá fi sùn, kó sì fi jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì ní òkè òkun. Lọ́dún 1869, ó kó èrò lọ sí Íjíbítì àti Jerúsálẹ́mù. Lọ́dún 1872, ó ṣáájú àwọn èèyàn yí gbogbo ayé po, ọjọ́ 222 ni wọ́n lò.

Ṣùgbọ́n ilé kò rójú. Òun àti John Mason, ọmọ ẹ̀, kò gbọ́ra wọn yé. Bàbá ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ Olúwa, ọmọ ní òwò ni. Lọ́dún 1878, ìjà náà le, bàbá sì fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Annie ọmọbìnrin rẹ̀ kú lọ́dún 1880, Marianne náà kú lọ́dún 1884, ojú Cook sì fọ́ kó tó jáde láyé lọ́jọ́ 18, oṣù keje, ọdún 1892.

Kó tó kú, lọ́dún 1886, ìjọba India tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò àwọn Mùsùlùmí tó ń lọ Hájì láti Bombay fún ilé iṣẹ́ ọmọ ẹ̀, torí ìyà tó ń jẹ wọ́n lọ́nà pọ̀. Ọmọ àgbà ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n fa àwọn alálàájì lé lọ́wọ́! Ìdí kò ju pé orúkọ Cook ti dúró fún ètò tó gún.

Lọ́jọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019, gbèsè pa ilé iṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ èrò wọn sì há sí òkè òkun. Ìyẹn fi hàn pé orúkọ tí bàbá fi ẹsẹ̀ rìn kó jọ, gbèsè lè fọ́ ọ ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ajẹ́ńtì wa, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò fara sin. Ẹ má ta ọ̀nà tí ẹ kò mọ̀. Ẹ kọ ohun tó wà nínú owó náà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ àti àwọn ìyá ọjà Sábó ní Ìkòròdú lè dá àjọ fún Úmúrà, tí wọ́n bá rí ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ má pa fóònù, ẹ jáde sí àwọn èrò yín. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ rìnrìn àjò Hájì, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ NAHCON lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbowó yín, kí ẹ tó ka owó fún un.